Òjé Ló Bí ‘Plummet’, Kì í Ṣe Ariwo Omi

Àlàyé kan wà tí mo máa ń gbọ́ nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Iganmu, tí mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì pẹ̀lú. Wọ́n ní ariwo ni Òyìnbó fi ṣẹ̀dá ‘plummet’, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn ń lò bí náírà bá já wálẹ̀: nǹkan wúwo já sínú omi, ó dún ‘plọ́m’, ọ̀rọ̀ dé. Kò yà mí lẹ́nu pé ó dùn létí ọmọ Yorùbá. Lọ́dọ̀ wa, ẹrù a máa já lulẹ̀ gbì, èèyàn a sì máa ṣubú yàkàtà. Ṣùgbọ́n àlàyé náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James, tó jáde lọ́dún 1611. ‘Plummet’ wà nínú Àìsáyà orí 28 àti Sekaráyà orí 4, síbẹ̀ kò sí ohun tó já bọ́ níbẹ̀. Irinṣẹ́ ọ̀mọ̀lé ni. Serubábélì, tó ń kọ́ tẹ́ḿpìlì, ló mú un lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ariwo ohun tó ń já sómi ni, kí ló gbé e dé ọwọ́ ẹni tó ń mọ ògiri?

Òjé ló gbé e débẹ̀. Plumbum ni àwọn ará Róòmù ń pe òjé, ibẹ̀ sì ni àwọn oníkẹ́mísìrì ti rí Pb tí wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀. Àwọn Faransé ayé àtijọ́ ń pe ègé òjé kékeré ní ‘plommet’, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á lọ́wọ́ wọn láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni plọ́ńbà tí à ń pè bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, torí òjé ni Róòmù fi ń ṣe páìpù.

Ẹ lọ wo bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́ ní Orílé. Yóò fi okùn kọ́ sókè ògiri, ohun tó wúwo á máa fì nídìí rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kàn án. Yóò dúró kó fì títí kó fi rọlẹ̀, yóò wá di ojú kan, yóò fi èkejì wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti búlọ́ọ̀kù lókè, kó tó wo ti ìsàlẹ̀. Èyí tó bá yọ ikùn síta, yóò fi ìdí tóróẹ̀lì gbá a wọlé. Okùn ìwọ̀n tí wòlíì Ámósì rí nìyẹn. Irin ni ọ̀pọ̀ wọn ń so mọ́ ọn báyìí, àmọ́ òjé ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn láyé àtijọ́, torí ó kéré lójú ó sì wúwo, atẹ́gùn kò lè gbé e kiri. Ìdí kan náà ni àwọn atukọ̀ fi ń sọ òjé sínú òkun láti wọn jíjìn rẹ̀, tí àwọn apẹja sì ń so ó mọ́ àwọ̀n.

Ohun tí a bá so òjé mọ́ kì í yà sọ́tùn-ún, kì í yà sósì; ìsàlẹ̀ ló ń lọ tààrà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ‘já wálẹ̀ ṣòòròṣò’ nìyẹn, ọ̀rúndún ogún sì ni ìlò yìí tó gbilẹ̀. Mo gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ariwo tirẹ̀. ‘Plop’ jẹ́ ọ̀kan. ‘Plummet’ kò sí lára wọn.

Ìdí tí mo fi ń jà fún un ni pé ẹni tí kò mọ̀ pé òjé ni yóò ṣì í lò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí náírà 471, ó di nǹkan bí 664 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Náírà ‘plummet’ lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí náírà méjì péré bá yẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ìwé ìròyìn wá kọ ‘plummet’ gàdàgbà sójú ewé, wọ́n ń já aráàlú láyà lásán ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Iganmu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ‘plọ́m’ kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ bíríkìlà tó bá wà nítòsí, kí wọ́n fojú ara wọn rí ‘plummet’.