Ta Ló Ni Fáìlì? Ìní, Ẹgbẹ́ àti Àṣẹ lórí Linux ní Àwọn Ọ́fíìsì Riviera, Abidjan

Riviera jẹ́ apá kan Cocody ní Abidjan. Riviera Golf, níbi tí iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wà, wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Riviera 2, Riviera 3, Bonoumin, Palmeraie àti Faya, pẹ̀lú àwọn abúlé Ebrié tó ti wà níbẹ̀ kí ìlú ńlá tó bá wọn, bí Anono, M'Badon àti M'Pouto. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 tí wọ́n ti ṣí afárá Henri Konan Bédié ni èèyàn ti lè gba orí ọ̀sà láti Marcory dé Riviera láì kọ́kọ́ gba Plateau. Ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn kéékèèké, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àti ti oníṣirò owó wà káàkiri àdúgbò náà. Irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, tí òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan ti jọ ń lo sáfà kan ṣoṣo, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ẹni mẹ́ta ni Linux mọ̀ lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan: olóhun, ẹgbẹ́ àti àwọn yòókù. Èrò wa ni pé ẹgbẹ́ ni a kì í fi ara balẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ́fíìsì nílò jù.

Ìtàn ètò yìí ń jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unix jáde ní Bell Labs ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, láti ọwọ́ Ken Thompson àti Dennis Ritchie, chmod, tó ń yí àṣẹ lórí fáìlì padà, àti chown, tó ń yí olóhun rẹ̀ padà, ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ló mọ̀: olóhun àti ẹni tí kì í ṣe olóhun. Nígbà tí ẹ̀dà kẹfà fi máa jáde ní 1975, ẹgbẹ́ ti dé. Ní 1983, 4.2BSD ti Yunifásítì California ní Berkeley wá jẹ́ kí èèyàn kan lè wà nínú ẹgbẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní Finland ní 1991, Linux sì jogún ètò náà. Ẹgbẹ́ 32 péré ni Linux kọ́kọ́ gbà fún ẹnì kan. Láti ẹ̀dà 2.6.4, ó di 65,536. Nínú àwọn àtúnṣe wọ̀nyí, apá ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ àjọṣe ti ń há.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé ìwé kan ní Palmeraie. Ẹni tó bá tẹ ls -l nínú fódà oníṣirò owó wọn lè rí ìlà yìí (a ti yọ ọjọ́ àti aago kúrò nínú rẹ̀):

-rw-r----- 1 directeur compta 18432 frais.ods

Olóhun ni directeur, ẹgbẹ́ ni compta. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, mímú ṣiṣẹ́ jẹ́ 1. Olóhun ní 4 àti 2, ẹgbẹ́ ní 4, àwọn yòókù ò ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe irú àṣẹ yìí ní 640. Ìwé ìkọ́ni púpọ̀ dúró síbí, ṣùgbọ́n ibi tó ń da àwọn èèyàn láàmú wà níwájú. Linux kì í ṣa àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa kọ́kọ́ béèrè bóyá ìwọ ni olóhun. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, àṣẹ olóhun nìkan ló máa wò, kódà bí ti ẹgbẹ́ bá pọ̀ jù ú lọ. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ó wo ẹgbẹ́. Bí o bá wà níbẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Nítorí náà, fáìlì tó jẹ́ 604 máa ṣí fún ará ìta, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ compta fúnra rẹ̀. Alábòójútó tí kò bá mọ ètò yìí lè wá ìdí rẹ̀ tì láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Orúkọ tí ls ń fi hàn náà ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Faya mọ̀ pé ìwé tí olórí abúlé fún un kò tíì sọ ọ́ di onílẹ̀; ACD, ìyẹn ìwé ìní ilẹ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ló ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì rí. Nọ́ḿbà ló wà lára rẹ̀. Orúkọ kàn wà nínú /etc/passwd. Lórí Ubuntu àti Debian, ẹni àkọ́kọ́ tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń gba nọ́ḿbà 1000. Bí a bá yọ díìsìkì ext4 láti ara kọ̀ǹpútà akọ̀wé, tí a gbé e sára ti ọ̀gá, ọ̀gá tó jẹ́ 1000 níbẹ̀ á di olóhun gbogbo fáìlì akọ̀wé tó jẹ́ 1000 níbí. Bí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, fáìlì rẹ̀ ṣì ń gbé nọ́ḿbà rẹ̀ kiri, ẹni tuntun tó bá sì gba nọ́ḿbà náà á jogún wọn láì mọ̀. Àṣẹ find / -nouser máa ń tú irú fáìlì aláìlólóhun bẹ́ẹ̀ síta. Ó yẹ kí a lò ó ní gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá lọ.

Ti fódà tún yàtọ̀. Lórí fódà, àṣẹ mímú ṣiṣẹ́ túmọ̀ sí àṣẹ àtiwọlé, àṣẹ kíkọ sì ni agbára láti dá fáìlì sílẹ̀ àti láti pa á rẹ́. Ẹni tí kò lè ka frais.ods rárá lè pa á rẹ́ bó bá ní àṣẹ kíkọ àti ti àtiwọlé lórí fódà tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí /tmp, tí gbogbo ayé ń kọ nǹkan sí, fi jẹ́ 1777: nọ́ḿbà 1 tó ṣíwájú yẹn kò jẹ́ kí ẹnìkan pa fáìlì ẹlòmíì rẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí àìsàn wà gan-an la dé yìí. Akọ̀wé fẹ́ ṣí fáìlì tí oníṣirò dá sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sọ Faransé, bí ó ti wọ́pọ̀ ní Abidjan, dáhùn pé: « Permission non accordée ». Iṣẹ́ ń lọ, òbí ń dúró níta, alábòójútó wá tẹ chmod -R 777. Gbogbo nǹkan ṣí. Owó ilé ìwé, èsì ìdánwò, nọ́ḿbà fóònù òbí, gbogbo rẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ní orúkọ lórí sáfà náà, títí kan ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọlọ́ṣà bá gbà, lè kà, kí ó yí padà, kí ó sì pa rẹ́. Àwa ka 777 sí ìwà àìbìkítà tó burú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Oògùn rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

chown root:compta /srv/compta
chmod 2770 /srv/compta
setfacl -d -m g:compta:rwX /srv/compta

Nọ́ḿbà 2 tó ṣíwájú 770 ń mú kí fáìlì tuntun gba ẹgbẹ́ fódà náà dípò ẹgbẹ́ ẹni tó dá a sílẹ̀. Àwọn kan máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á sì rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè ka fáìlì ara wọn ṣùgbọ́n wọn ò lè tún un kọ. Umask, tó ń pinnu àṣẹ tí a ó yọ kúrò lára fáìlì tuntun, ló fà á: bó bá jẹ́ 022, á yọ àṣẹ kíkọ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́, fáìlì á di 644. Ìlà kẹta ló ń borí ìyẹn. Nígbà tí a bá wá fẹ́ fi akọ̀wé sínú ẹgbẹ́, usermod -aG compta, tí orúkọ akọ̀wé náà tẹ̀ lé e, ni a ó tẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé lẹ́tà a. Láìsí i, Linux á yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ àfikún tó kù. Bó bá wà nínú ẹgbẹ́ sudo tẹ́lẹ̀, agbára alábòójútó rẹ̀ lọ nìyẹn. Kí akọ̀wé jáde, kí ó tún wọlé, kí ẹgbẹ́ tuntun tó ràn án.

Àwọn ààbò mìíràn wà lórí èyí. SELinux, tí àjọ NSA ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2000, wọ inú Linux 2.6 ní 2003. Kò gba àṣẹ olóhun nìkan gbọ́. Fóònù Android náà ń lo Linux, ó sì ń fún áàpù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀ láti 10000 sókè bí ẹni pé èèyàn ni, kí áàpù eré má baà lè ka fáìlì áàpù báńkì. Síbẹ̀, gbogbo àṣẹ yìí kò dá olè tó bá gbé díìsìkì lọ dúró. LUKS, tó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti gbogbo díìsìkì pa, ló wà fún ìyẹn.

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí náà ti wà. Côte d'Ivoire ṣe òfin nọ́ḿbà 2013-450 ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2013 láti dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, àjọ ARTCI sì ni ó ń mójú tó o. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2023. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Jerome Saltzer àti Michael Schroeder náà ti kọ ọ́ láti 1975 pé kí a má fún ẹnikẹ́ni ju àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ. Òfin Côte d'Ivoire yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá Abidjan pẹ̀lú, pàápàá àwọn ará Ejìgbò tí ìran wọn ti pẹ́ nínú òwò níbẹ̀: ìpàdé ọmọ ìlú tó bá ń kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá sórí kọ̀ǹpútà ti di olùtọ́jú ìsọfúnni èèyàn.

A rọ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Cocody àti níbi gbogbo kí wọ́n fi ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, kí wọ́n tó kan root, orúkọ alábòójútó tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ. A sì rọ ẹni tó bá ń bójú tó sáfà kí ó tẹ find /srv -type f -perm -0002 lónìí: gbogbo fáìlì tó bá jáde síta jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lórí sáfà náà tó bá lè dé inú fódà rẹ̀ lè yí padà.