Àgbàrá Kì Í Ṣe Omi Ìjì

Ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń kìlọ̀ òjò fún ará ìlú ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n kọ gàdàgbà sí orí rẹ̀ pé: "Ìṣàkóso Omi Ìjì". Inú bí mi. Ìjì ni atẹ́gùn líle tó ń ṣí òrùlé, tó ń fa igi tu. Omi wo ló wà nínú rẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó là á sí méjì, ó túmọ̀ ìlàjì kọ̀ọ̀kan, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń pe omi tó máa ń wọ́ kọjá lẹ́yìnkùlé ilé wọn bí òjò bá dá. Àgbàrá ni. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da kọnkéré sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wà nínú òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé àgbàrá òjò kò lóun ò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un.

Ìlú bí Ìbàdàn ń gbòòrò, páànù, kọnkéré àti ọ̀dà sì ń bo ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀. Omi tí ilẹ̀ ìbá mu di àgbàrá, ó sì ń dé odò kíákíá, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni odò Ògùnpa ṣe kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ nínú ìlú kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là láti dènà ẹ̀kún omi ní Ìbàdàn. Owó tó tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní ọ̀rọ̀ tí ará àdúgbò yóò gbọ́ yé.

Èyí tó rọrùn nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba àríyànjiyàn. Ilẹ̀ tó ń fa omi mu, ilẹ̀ amumi ni; èyí tí kò mu ún, aláìmumi. Kánààlì ti di tiwa. Ojú àgbàrá ni ipa tí omi fúnra rẹ̀ là, ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ lójú àgbàrá ti gbọ́ orúkọ olówó ilẹ̀ náà kó tó sanwó fún ọmọ onílẹ̀.

Omíyalé ló yẹ kí a dúró lé lórí. Ará Ìbàdàn ló fi pe ìkún omi ìlú wọn, wọ́n tilẹ̀ ń fi kún un pé àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ya wo ni? Àwọn kan ní yà olóhùn ìsàlẹ̀ ni, bí àlejò ṣe ń yà sílé ẹni. Ohùn nìkan kò lè já wọn nírọ́, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bó bá ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: a ń rà á, ṣùgbọ́n a ń ra aṣọ. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀-orúkọ náà kúrò. A máa ń ní omi ya wọ yàrá, a kì í ní omi yà wọ yàrá. Ya olóhùn àárín ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú "ọlọ́pàá ya bo ilé ọtí". Ìkọlù ni, kì í ṣe àbẹ̀wò. Nítorí náà, àgbàrá ni omi tó ń lọ lórí ilẹ̀, ẹ̀kún omi ni ti odò tó kọjá bèbè rẹ̀, omíyalé sì ni èyí tó bá ọ nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Mo fẹ́ràn ògidì Yorùbá, síbẹ̀ gọ́tà ni n ó máa pe gọ́tà. Àwọn kan ní kí a pè é ní kòtò ìdaminù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Da omi nù ló bí ìdaminù, da ilẹ̀ nù ló sì bí ìdalẹ̀nù, èyí tí a fi ń pe ibi tí à ń da pàǹtírí sí. Ẹni tí a bá fi ìdaminù kọ́ yóò gbọ́ ìdalẹ̀nù nínú rẹ̀, ike àti ọ̀rá ni yóò sì kó sínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ṣú. Ọ̀rọ̀ àyálò tí kò ṣini lọ́nà sàn ju ògidì tó ń ṣini lọ́nà lọ.

Ilẹ̀ tí gbogbo àgbàrá rẹ̀ ń já sí odò kan náà ni wọ́n ń pè ní "agbègbè ìkómijọ". Ta ló ń kó omi náà jọ? Ìṣànwọdò ni n ó pè é, nítorí omi ń ṣàn wọ odò fúnra rẹ̀. Ní Ìbàdàn, òkè Mápó ya ìṣànwọdò méjì sọ́tọ̀: àgbàrá apá kan ń wá odò Ògùnpa, ti apá kejì ń wá odò Kúdẹ̀tì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti kòtò ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ láti gba àgbàrá dúró. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan kì í gbẹ, a sì ti ní adágún fún un. Èkejì ń gba omi nígbà òjò, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbẹ. Wọ́n pe ìyẹn ní "ìsémi", ṣùgbọ́n kò sé omi mọ́. Ẹ wo ibùsùn, ibùjókòó, ibùdó. Ibi ló wà nídìí wọn, ó so mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ù-, irú èyí tí àwọn bí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣì ń lò níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń lo ì-. Nínú ẹbí yìí ni ibùgbé àti ibùwọ̀ wà. Ẹni tó ń gbé ibì kan kì í lọ. Ẹni tó wọ̀ síbẹ̀ ń bọ̀ wá lọ. Ibùwọ̀ àgbàrá, nígbà náà. A kò ṣẹ̀dá sílébù kan ṣoṣo, ó sì sọ iṣẹ́ kòtò náà tán.

Ọ̀kan tó léwu ló kù: "òjò ọgọ́rùn-ún ọdún". Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé bó bá ti rọ̀ lónìí, ọmọ-ọmọ òun ni yóò tún rí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ rọ̀ lọ́dọọdún, ti èṣí kò sì dín ti ọdún yìí kù. Ilé tó bá dúró fún 30 ọdún sí ibi tí omi rẹ̀ ń dé, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé yóò bá a pàdé. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní òjò ìdákan-nínú-ọgọ́rùn-ún. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ létí odò gbọ́dọ̀ gbọ́ iye náà lẹ́nu ẹni tó ń tà á fún un.