Àwọn obìnrin aṣíwájú nínú sinimá Khmer

Àwọn obìnrin aṣíwájú nínú sinimá Khmer ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn obìnrin tó ń darí àwọn ẹlòmíràn nínú fíìmù orílẹ̀-èdè Kàmbódíà. Wọn kò ṣàjèjì sí òǹwòran tó ń sọ èdè Khmer, nítorí pé obìnrin wà nínú ìtàn bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Gbòǹgbò nínú àṣà

Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé Neang Neak, ọmọ ọba àwọn ejò inú omi, ló fẹ́ àjèjì kan tó ń jẹ́ Preah Thaong, tí wọ́n sì jọ dá ìlú sílẹ̀. Níbi ìgbéyàwó Khmer, ọkọ ìyàwó ṣì máa ń di etí ìborùn ìyàwó mú, tí yóò tẹ̀lé e wọ yàrá, ní ìrántí ìtàn yìí. Nínú èdè Khmer, ọ̀rọ̀ náà *me* jẹ mọ́ ìyá, ó sì tún jẹ́ olórí: *mephum* ni olórí abúlé.

Èyí tó ta ko ó ni *Chbab Srey*, ewì ìlànà ìwà tó ní kí obìnrin máa rọra sọ̀rọ̀, kí ó sì máa tẹríba fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣáájú 1975 àti lẹ́yìn rẹ̀

Láàárín 1960 sí 1975, fíìmù tí wọ́n ṣe ní Kàmbódíà lé ní 300. Dy Saveth, tí wọ́n bí ní 1944, wà lára àwọn òṣèrébìnrin tó lókìkí jùlọ nígbà náà. Ó kópa nínú *Puos Keng Kang* (1970), tí Tea Lim Koun darí. Nígbà tí ìjọba Khmer Rouge dé ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣèré àti olùdarí ni wọ́n pa, ọ̀pọ̀ fíìmù sì ṣègbé. Dy Saveth sá lọ sí Fránsì, ó sì padà wálé ní 1993.

Àwọn fíìmù ìgbà yìí

Nínú *The Last Reel* (2014), tí obìnrin kan, Kulikar Sotho, darí, Sophoun kọ ọkọ tí bàbá rẹ̀ yàn fún un. Ó rí fíìmù kan tí ìyá rẹ̀ ṣe ṣáájú ogun, ṣùgbọ́n apá ìparí rẹ̀ ti sọnù. Ó sì kó àwọn ènìyàn jọ láti tún un yà. Dy Saveth fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyá náà. Sophoun ṣàìgbọràn sí bàbá, ṣùgbọ́n nítorí ìyá ni. Báyìí ni fíìmù náà ṣe tako *Chbab Srey* láìkọ ẹbí sílẹ̀.

*Jailbreak* (2017) jẹ́ fíìmù ìjà. Tharoth Sam, oníjà bokator, ṣe ọlọ́pàá nínú rẹ̀, Céline Tran sì ṣe Madame, olórí ẹgbẹ́ ọ̀daràn obìnrin. *First They Killed My Father* (2017), tí Angelina Jolie darí ní èdè Khmer, fi ojú ọmọbìnrin kékeré kan, Loung Ung, sọ ìtàn àwọn ọdún Khmer Rouge.

Ohun tó so *The Last Reel* àti *First They Killed My Father* pọ̀ ni pé ọwọ́ obìnrin ni ìrántí ohun tó sọnù wà.