Ìtàn Tí A Gbẹ́ Sára Igi: Ẹ̀kọ́ Láti Ọyẹ́-Èkìtì

Kí àwọn Yorùbá tó mọ ìwé kíkọ ni wọ́n ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ láìla ẹnu. Wọ́n ń pàrokò ránṣẹ́ sí ara wọn, wọ́n sì ń gbẹ́ ìtàn sára ilẹ̀kùn, òpó ààfin àti agere Ifá. Ní àríwá Èkìtì, ère Ẹ̀pà jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì: jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ère kà yóò rí i pé ìlú ń bọlá fún akọni tí ó gbèjà rẹ̀ àti fún abiyamọ tí ó mú un gbilẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà agbègbè yìí ni Dàda Aréogun, ará Ọ̀sí, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ní ẹ̀bá ààlà Èkìtì. Ìnagijẹ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹni tí ó fi irinṣẹ́ Ògún rí owó, tí ó sì ń ná an fàlàlà. Lára àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ ni a ti rí Èṣù pẹ̀lú ìkòkò tábà, ọmọ ogun tí ó gbé ìbọn, àti ọkùnrin tí ó gun kẹ̀kẹ́. Èyí fi hàn pé gbẹ́nàgbẹ́nà kò kàn ń tún ìtàn àtijọ́ sọ. Ohun tuntun tí ojú rẹ̀ rí náà ni ó ń kọ sílẹ̀.

Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. George Bándélé, ọmọ Aréogun, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lábẹ́ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní: ọnà lílé, níbi tí igi ti kọ́kọ́ ń gba ìrísí, alétúnlé, dídán, àti fínfín, tí a fi ń ya ilà ojú àti ọ̀ṣọ́ aṣọ.

Ìtàn Bíbélì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn ń sọ, ṣùgbọ́n ìmúra Yorùbá ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wọ̀. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní 1971, olùkọ́ kan, Geoffrey Bardon, gba àwọn àgbà onílẹ̀ níyànjú ní Papunya, wọ́n sì ya ìtàn èèrà olóyin, tí ó jẹ mọ́ ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn, sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àwọn òbírí tí ó yí ara wọn ká lè dúró fún ibi omi tàbí ibùdó. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán tí àjèjì yóò rí, àwọn kan ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tótòtó bo ohun tí kò yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì mọ̀. Wọ́n pa ìtàn, wọ́n sì pa àṣírí mọ́.

Àjèjì ló pèsè ààyè ní ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ìmọ̀ ti wá. Nígbà tí ó yá, wọ́n kun ògiri Papunya bolẹ̀. Ibi iṣẹ́ Ọyẹ́ sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1954, ọdún tí Aréogun kú. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò parun, nítorí pé ó ti wọ inú ènìyàn. Fákẹ́yẹ kọ́ àwọn mìíràn ní yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó dolóògbé ní 2009. Bí igi bá jẹrà, ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀ lè gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà mọ́, igi lásán ni ilẹ̀kùn tí ó kù.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síwájú ilẹ̀kùn tàbí òpó gbígbẹ́ tí ó bá wà nítòsí wọn. Kí wọ́n wo ẹni tí a gbẹ́ tóbi jù, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ìdí rẹ̀: ipò ènìyàn ni ó sábà máa ń pinnu bí a ṣe gbẹ́ ẹ tóbi tó. Lẹ́yìn èyí, kí oníkálukú béèrè ìtàn kan lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀, kí ó sì fi àwòrán sọ ọ́.