Òfin ọmọ-ìlú Côte d'Ivoire àti àwọn ará agbègbè Èjìgbò

Òfin ọmọ-ìlú Côte d'Ivoire ni òfin tó ń sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire àti ọ̀nà tí àlejò lè gbà di ọmọ-ìlú níbẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1961 ni wọ́n fọwọ́ sí i, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Wọ́n ti tún un ṣe léraléra láti ìgbà náà, ní 1972, 2004, 2005 àti 2013. Agbègbè Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé lílọ sí Àbíjàn ti di àṣà ìdílé láti ìran dé ìran ní Èjìgbò fúnra rẹ̀ àti ní àwọn ìlú tó yí i ká, bíi Ìsundunrin, Ìfẹ̀-Ọ̀dàn àti Masífà.

Èjìgbò àti ọ̀nà Àbíjàn

Ìlú Èjìgbò, tí Ògìyán jẹ́ ọba rẹ̀, ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìsundunrin wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti ń gba Dahomey, Togo àti Gold Coast kọjá lọ sí Côte d'Ivoire láti ṣòwò. Treichville, Adjamé àti Koumassi, tí gbogbo wọn wà ní Àbíjàn, ni púpọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí; àwọn mìíràn wọ inú ilẹ̀ lọ dé Bouaké àti àwọn ìlú oko kòkó. Anago ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Títí di òní, ọkọ̀ akérò ń gbéra ní Èjìgbò lọ sí Àbíjàn, ó ń gba Kùtọnù, Lomé àti Accra. Ẹni tó bá dé Èjìgbò lè gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọ̀dọ́ àti àgbà, kò sì ṣòro láti rí ẹni tó gbọ́ ọ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí nínú ìrìnàjò yìí ni pé kì í ṣe àlọ láìsí àbọ̀. Àwọn òbí a máa fi ọmọ tí wọ́n bí sí Àbíjàn ránṣẹ́ sílé kí ìyá àgbà lè tọ́ ọ, kí ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọkùnrin a máa wálé ṣe ọdún, sìnkú, tàbí kọ́lé, ó sì lè pẹ́ kí ó tó padà sẹ́nu òwò rẹ̀. Nílé, ìwà ọmọlúàbí ni èyí. Lójú òfin tó ń ka iye ọjọ́ tí ènìyàn fi gbé ìlú, ó lè di àléébù.

Ohun tí òfin 1961 sọ

Òfin 1961 kò ka ẹni tí a bí sí Côte d'Ivoire sí ọmọ-ìlú bí baba àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ àlejò. Síbẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀. Èkíní wà fún àwọn tó ti fi Côte d'Ivoire ṣe ibùgbé kí òmìnira tó dé: wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ọmọ-ìlú láìjẹ́ pé a ń ka ọdún fún wọn, bí wọ́n bá ti ṣe é láàárín ọdún kan tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkejì wà fún ọmọ àlejò tí a bí síbẹ̀: kí ó tó tójú bọ́, ó lè kéde níwájú ìjọba pé òun fẹ́ di ọmọ-ìlú, bí ó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán, tí wọ́n sì ti forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò.

Díẹ̀ ló gba ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí wọlé. Kò sì yani lẹ́nu. Ìyàtọ̀ láàárín onílé àti àlejò kò hàn púpọ̀ nígbà ayé Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny: àlejò láti ilẹ̀ Áfíríkà ń tajà, ó ń dáko, ó sì ń dìbò pàápàá títí di ìdìbò ọdún 1990. Ta ni yóò máa wá ìwé kiri nígbà tí àìsí rẹ̀ kò tíì pa á lára? Lẹ́yìn èyí, oníṣòwò tó ń kọ́lé sílé kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ń pààrọ̀ ìlú.

Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, Houphouët-Boigny dábàá pé kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ Entente, bíi Dahomey àti Togo, máa jẹ́ ọmọ-ìlú méjì pọ̀ ní Côte d'Ivoire. Àwọn onílé kọ̀ ọ́, ó sì kógbá wọlé. Nàìjíríà kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà bí ó tilẹ̀ ti yọrí sí rere, Yorùbá Kétu tó wá láti Dahomey ni ìbá jẹ àǹfààní rẹ̀, kì í ṣe Yorùbá Èjìgbò tí wọ́n jọ wà ní ọjà kan náà.

Àtúnṣe 1972

Òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1972, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1973, mú ẹ̀tọ́ ìkéde kúrò fún ọmọ àlejò tí a bí sí Côte d'Ivoire. Láti ìgbà náà, ọ̀nà tó kù fún un ni pé kí ó bẹ̀bẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ìbéèrè yìí béèrè pé kí ènìyàn ti fi Côte d'Ivoire ṣe ibùgbé fún ọdún 5 kí ó tó kọ̀wé. Ọdún 2 ni fún ẹni tí a bí síbẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ ṣì máa gbé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ọ́ di ọmọ-ìlú. Òfin kò fipá mú Ààrẹ láti fọwọ́ sí i. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Ibí yìí ni ìdúró náà ti ń dun àwọn ará Èjìgbò jù. Ẹni tó ti kọ̀wé kò mọ ọjọ́ tí ìdáhùn yóò dé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ náà bá òun nílé. Bí baba rẹ̀ bá ṣàìsàn ní Ìsundunrin tí ó sì wá dúró tì í títí, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ohun tó ti ń hun láti ọdún pípẹ́.

Ìwé ìgbélùú, 1990 sí 2007

Nígbà tí owó kòkó wálẹ̀ tí nǹkan sì le, ìjọba Côte d'Ivoire dá ìwé ìgbélùú sílẹ̀ fún àwọn àlejò ní 1990, ní àkókò tí Alassane Ouattara wọlé sípò ìdarí ètò ọrọ̀-ajé tó sì di olórí ìjọba lábẹ́ Ààrẹ. Owó ni wọ́n ń fi gbà á, àwọn ọlọ́pàá sì ń béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ètò yìí kò yọ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lílọ-bíbọ̀ fàlàlà ní Dakar ní 1979. Àdéhùn náà fún ọmọ ECOWAS láǹfààní láti wọ ìlú fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ó sì ṣèlérí ẹ̀tọ́ ìgbé àti ìdásẹ́sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ-ìlú.

Lẹ́yìn ikú Houphouët-Boigny ní 1993, ọ̀rọ̀ “ivoirité”, èyíinì ni jíjẹ́ ojúlówó ọmọ Côte d'Ivoire, gba ẹnu àwọn olóṣèlú lábẹ́ Ààrẹ Henri Konan Bédié. Òfin ìdìbò 1994 béèrè pé kí baba àti ìyá ẹni tó fẹ́ dupò ààrẹ jẹ́ ọmọ-ìlú. Òfin ilẹ̀ 1998 sì sọ pé ọmọ-ìlú nìkan ló lè ní ilẹ̀ oko. Ètò ìkànìyàn 1998 fi hàn pé ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà ni àlejò. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀rọ̀ ta ni onílé ta ni àlejò sì wà lára ohun tó dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007 ni Ààrẹ Laurent Gbagbo tó fagi lé ìwé ìgbélùú fún àwọn ọmọ ECOWAS. Ìdẹ̀rùn ńlá ni fún ẹni tó ń rìn lójú pópó, àmọ́ kò yí ohunkóhun padà nípa ìwé ọmọ-ìlú.

Òfin 2013

Àwọn tó jókòó ní Linas-Marcoussis ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kìíní ọdún 2003 láti parí ogun gbà pé òfin 1961 dára lórí ìwé, pé àìmọ̀ àti ìfàsẹ́yìn àwọn ìjọba ló sọ ọ́ di ìṣòro. Àtúnṣe 2004 àti àṣẹ ààrẹ 2005 gbìyànjú láti tún ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó pín sí méjì kò lè mú un ṣe dáadáa. Òfin ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ló wá fún àwọn wọ̀nyí láǹfààní láti di ọmọ-ìlú nípa ìkéde: àwọn tí a bí síbẹ̀ tí wọn kò tíì pé ọdún 21 ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1961, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láìdáwọ́dúró láti ìgbà tí òmìnira kò tíì dé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, àti àwọn tí a bí síbẹ̀ láàárín ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1961 sí ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1973, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ní kúkúrú, àwọn tí òfin àtijọ́ ìbá ti gbà wọlé ni òfin tuntun padà ń wá.

Kí a mú tọkọtaya kan tó kúrò ní Ìsundunrin ní 1965 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Wọ́n bí ọmọ kan sí Treichville ní 1972, wọ́n bí àbúrò rẹ̀ sínú yàrá kan náà ní 1974. Ẹ̀gbọ́n lè kéde, ó sì lè di ọmọ-ìlú. Àbúrò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé 1958 ni àwọn òbí náà dé tí wọn kò sì kúrò, àwọn ọmọ méjèèjì ni ì bá wọlé. Ṣùgbọ́n báwo ni oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ ṣe fẹ́ fi hàn pé òun kò dáwọ́ dúró?

Oṣù 24 péré ni ètò náà gbà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2016. Àwọn tó lé ní 120,000 ló fìwé sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ló dá ọ̀pọ̀ dúró, nítorí ìbí tí a kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò ń béèrè ìdájọ́ ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2013 kan náà, òfin mìíràn jẹ́ kí ọkùnrin àlejò tó fẹ́ obìnrin Côte d'Ivoire ní irú ẹ̀tọ́ tí obìnrin àlejò tó fẹ́ ọkùnrin ibẹ̀ ti ní.

Ní àwọn ibòmíràn

Ìrírí àwọn Yorùbá ní Ghana yá kánkán ju èyí lọ, ó sì korò jù ú lọ: ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Láyé òde òní, Jámánì dín ọdún ìgbé kù láti 8 sí 5 ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Britain kéde ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2025 pé òun fẹ́ sọ ọdún 5 tí àlejò ń lò kí ó tó gba ìwé ìgbélé títí láé di 10. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ni bóyá òfin tuntun yóò ká ẹni tó ti lo ọdún 4 mọ́.

Ipò òfin Nàìjíríà

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 25, ka ọmọ tí a bí sí òkè òkun sí ọmọ Nàìjíríà bí baba tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Abala 28 kò sì gba ìwé ọmọ-ìlú lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà látìgbà ìbí nítorí pé ó gba ti ìlú mìíràn. Nítorí náà, àbúrò tí a bí ní 1974 yẹn kì í ṣe ẹni tí kò ní ìlú. Ọmọ Nàìjíríà ni, kódà bí kò bá tíì fẹsẹ̀ tẹ Ìsundunrin rí, bí ó bá ti lè fi ìwé hàn pé àwọn òbí rẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Àlejò tó bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀wẹ̀, gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 15 gẹ́gẹ́ bí abala 27 ti wí, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí Côte d'Ivoire ń béèrè.