Àrọ̀ Ló Bá Omi Rẹ́mọ Mu

Omi kò wọ́n ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Odò Ìbú wà ní Ṣàgámù, Uren wà ní Ìkẹ́nnẹ́, síbẹ̀ sísin ẹja kò sí lára iṣẹ́ àbáláyé Rẹ́mọ. Àwọn kan ka èyí sí àìlajú. Lójú tèmi, ìṣirò ọlọ́jà ni. Ìgèrè àti ìwọ̀ tó fún ọbẹ̀ ilé. Ẹja rẹpẹtẹ ń gba Ìkòròdú gòkè láti ọ̀sà, ní yíyan, pẹ̀lú iyọ̀, bí èrè oko ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà yẹn níyì débi pé Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ní 1865, kí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó tó lé wọn. Lẹ́yìn tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kóra jọ sí Ṣàgámù ní 1872, obì gbàǹja dé, ó sì di owó. Ta ni yóò wá fi ilẹ̀ obì gbẹ́ adágún ẹja?

Ẹja inú yìnyín, òkú Èkó tí gbogbo wa mọ̀, ló gbapò ẹja yíyan nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí òun náà wọ́n, ojú kúkú yí sí ẹ̀yìnkùlé láti sin ẹja. Ìjọba ti dán ẹja sísìn wò ṣáájú. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n gbẹ́ adágún sí Oníkàn ní Èkó, wọ́n sì kó ẹja carp wá láti òkè òkun sí Panyam. Ẹ kíyè sí i pé orí òkè Jos ni Panyam wà, níbi tí òtútù ti ń mú. Àrọ̀ ló gba ẹ̀yìnkùlé tiwa, nínú táńkì bíríkì àti ti tapolíìnì, omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti úgú. Ọgbà ẹja-òun-ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń ròyìn lónìí kò ju àfikún sí èyí lọ: ẹ̀rọ ń fa omi ẹja sórí òkúta wẹ́wẹ́, kòkòrò àìfojúrí ń sọ àmóníà inú rẹ̀ di oúnjẹ ewébẹ̀, omi á sì padà sọ́dọ̀ ẹja.

Àwọn kan á ní trout ilẹ̀ òtútù ló dára jù, torí owó wà lórí rẹ̀. Trout kì í fẹ́ omi tó gbóná ju nǹkan bí 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi táńkì ní Rẹ́mọ sábà ń wà láàárín 25 sí 30. Iná wo la ó fi mú un tutù? Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ó sì lè fara dà á fún wákàtí mélòó kan tí iná bá lọ. Trout kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àrọ̀ ńlá ń jẹ kékeré bí a kò bá ṣà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì ń da omi rú, àmọ́ ìdọ̀tí náà ni ẹ̀fọ́ ń jẹ. Bí wọ́n bá ní ọgbọ́n òyìnbó ni, ká ṣe é bí òyìnbó ti ń ṣe é, James Rakocy tó ṣèwádìí ọgbà ẹja-òun-ẹ̀fọ́ láti àwọn ọdún 1980 ní University of the Virgin Islands, erékùṣù olóoru ló wà, ẹja ẹpìyà ló sì sìn. Nítòsí wa, ní Àjàṣẹ́, olú ìlú orílẹ̀-èdè Benin, ibùdó Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń so ẹja, ẹran ọ̀sìn àti oko pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, kó ra ọmọ àrọ̀, kó gbin úgú, kó fi trout sílẹ̀ fún ará Yúróòpù.