Bí Ológbò Kò Bá Sí Nílé: Ìtàn Ìwádìí Lórí Ohun Tí Ń Mú Igi Eléso Yọ Ẹ̀ka

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi a máa fi ọ̀bẹ bẹ́ orí ọmọ igi ọsàn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Ó ṣe mí ní kàyéfì. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì dáhùn pé: ‘Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté.’ Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ojú tí ó ń sùn lára ọ̀pá igi náà fi rúwé, tí wọ́n sì di ẹ̀ka. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni orí igi ń ṣe tí àwọn ojú ìsàlẹ̀ kò fi lè jí?

Ní 1880, Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀, Francis, tẹ ìwé kan jáde nípa bí ewéko ṣe ń yí ara padà. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí a bá bo ṣóńṣó orí èhù koríko, kì í tẹ̀ sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà pé nǹkan kan ń ti orí sọ̀ kalẹ̀. Frits Went, ní Utrecht ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ni ó rí nǹkan náà mú. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1928, ó gé orí èhù ọkà óòtì, ó gbé e lé nǹkan dídì tí ó dà bí ẹ̀kọ, lẹ́yìn náà ó gbé ègé ohun dídì yìí lé èhù tí kò lórí. Èhù náà tún ń ga sí i. Ohun tí ó wà nínú ègé yẹn ni a ń pè ní auxin.

Ní 1933, Kenneth Thimann àti Folke Skoog ṣe ìdánwò ní California. Wọ́n bẹ́ orí ẹ̀wà, àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ sì hù. Wọ́n tún bẹ́ orí òmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n fi auxin sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ojú náà kò jí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣe àlàyé rẹ̀: wọ́n gbé ológbò kúrò, wọ́n fi òórùn rẹ̀ sílẹ̀, èkúté kò sì yọjú.

Síbẹ̀, auxin kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ojú tí ó ń sùn. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń rán iṣẹ́. Ní 1955, Skoog, Carlos Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Wisconsin rí kinetin. Ní 1958, Margaret Wickson àti Thimann fi hàn pé kinetin lè tako agbára auxin lórí ojú ewéko. Ní 1963, D. S. Letham rí zeatin, ẹbí kinetin, nínú àgbàdo tí kò tíì gbó. Ẹbí yìí ni a ń pè ní cytokinin.

Ibí yìí ni iṣẹ́ yàrá ìwádìí ti dé oko. Àwọn tí ń tọ́ ọmọ igi ápù fẹ́ kí igi ti lẹ́ka kí wọ́n tó lọ́ ọ, nítorí pé irú igi bẹ́ẹ̀ a máa tètè so. Wọ́n a máa fín benzyladenine, tí í ṣe cytokinin, pẹ̀lú gibberellin sí orí ọmọ igi. Ẹ̀ka a sì yọ láìbẹ́ igi náà lórí. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í ṣe idán: bí igi kò bá ń dàgbà dáadáa, kò ní jẹ́, irú ápù kọ̀ọ̀kan sì ni bí ó ṣe ń gbà á. Nítorí náà, ọ̀bẹ kò tíì di ohun àpatì. Bí a bá fi í lá èèpo igi díẹ̀ lókè ojú kan, ojú náà a máa hù, nítorí pé a ti dí ọ̀nà tí auxin ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì fi hàn pé strigolactone wà lára ohun tí ń dá ẹ̀ka dúró. A ti mọ ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀ láti 1966, nínú ohun tí gbòǹgbò òwú ń tú sílẹ̀. Òun ni ó ń jí irúgbìn Striga, èpò tí ń mu oje gbòǹgbò àgbàdo àti ọkà bàbà ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ṣàlàyé pé bí a bá bẹ́ orí ewéko tí a ń pè ní pea, àwọn ojú a máa bẹ̀rẹ̀ sí í hù kí àìsí auxin tó kàn wọ́n. Ṣúgà tí orí ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ jí wọn.

Nígbà tí mo ti yunifásítì padà sílé, mo sọ fún bàbá mi pé auxin ni ìdí ọ̀rọ̀, pé òwe ológbò kì í ṣe ìmọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ọ̀bẹ wá. Wọn kò sí láyé mọ́ nígbà tí iṣẹ́ ti 2014 jáde, tí mo wá mọ̀ pé ológbò kì í dẹ́rù ba èkúté nìkan, pé òun náà ni ó ń dá oúnjẹ ilé jẹ. Auxin tí mo fi ṣe fọ́ńté kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Àgbẹ̀ ti mọ ìṣe kí ọ̀mọ̀wé tó mọ ìdí, ìdí tí ọ̀mọ̀wé sì mọ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ìwé rẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní sọ pé ìwé kò wúlò. Gbèsè àforíjì ni mo jẹ bàbá mi. Ìwé yìí ni mo fi ń san díẹ̀ nínú rẹ̀.